Ohun Tí Wọ́n Ń Sọ Nípa Koríko

Obìnrin kan purọ́ fún ọkọ rẹ̀ nípa ohun tí àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ń sọ nípa koríko rẹ̀, irọ́ náà sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ, ó tún gba ohun tó ju iṣẹ́ lọ.

Kò ní èrò ibi lọ́kàn. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣèèṣì tẹ ọmọ adìyẹ pa, ọmọ adìyẹ ti kú ná kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò mọ̀ọ́mọ̀.

Yunifásítì kan ló ni pápá gọ́ọ̀fù náà. Ẹ̀yìn àwọn kíláàsì onísáyẹ́ǹsì ló wà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ títí dé etí odò kékeré kan. Àwọn olùkọ́ ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n àwọn ará ìta náà ń wá gbá a. Ọkọ obìnrin yìí ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi pé àwọn ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ ti fẹ̀yìn tì, àwọn mìíràn nínú wọn ti kú, kò sì sí ẹni tó ń pè é lórúkọ mọ́. Bàbá Koríko ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ wà ní káúńtà nínú ilé ìsinmi àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó ń ta omi tútù, tíì, búrẹ́dì àti ẹyin díndín. Òun ni wọ́n ń pè ní Ìyá Olómi.

Tí wọ́n bá ti gbá a tán, àwọn agbábọ́ọ̀lù á wá jókòó síwájú káúńtà, wọ́n á tú okùn bàtà, ẹjọ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù tó gbà pé àìmọ̀ọ́gbá ló jẹ́ kí òun pàdánù. Pápá ni. Afẹ́fẹ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rẹ́rìn-ín nígbà tí òun gbé igi sókè ni.

"Ihò kẹrin yẹn, títì ni, kì í ṣe pápá," ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà á wí. "Mo fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ ń kọjá níwájú mi bí ẹni ń lọ sí kíláàsì."

"Kíláàsì ni wọ́n ń lọ," dókítà eléyín, ẹni tó ń tọ́jú eyín, á dá a lóhùn. "Yunifásítì lo wà."

"Bọ́ọ̀lù mi gan-an wọ kíláàsì lánàá, mi ò rí i mọ́."

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Tó bá yá, á gboyè jáde. Ó kéré tán, ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì á mọ nǹkan kan."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Ìyá Olómi náà á rẹ́rìn-ín. Kò mọ nǹkan kan nípa gọ́ọ̀fù. Lójú tirẹ̀, àwọn àgbàlagbà kan ló ń fi igi ti nǹkan funfun wọ ihò, tí wọ́n sì ń bá ihò jà. Ṣùgbọ́n ó mọ ọkọ rẹ̀, ó sì mọ ohun tí koríko náà jẹ́ fún un.

Ohun tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn jù nínú pápá náà ni gírìnì, ìyẹn ibi tí wọ́n gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí ihò ká, kí bọ́ọ̀lù lè yí lọ jẹ́jẹ́. Ní ìdájí, Bàbá Koríko á fi ọ̀pá gígùn gbọn ìrì kúrò lórí rẹ̀, á ti ẹ̀rọ ìgékoríko jáde, á lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì wo abẹ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà níbẹ̀. Tó bá yí i síbìí, abẹ á sọ̀ kalẹ̀, koríko á mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa sáré. Tó bá yí i sọ́hùn-ún, abẹ á gòkè, koríko á pọ̀, bọ́ọ̀lù á máa wọ́ ẹsẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì náà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ tádàwà. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ló mú un, kò sì pẹ́ rárá. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje ńlá ló kú ní ilé ìwòsàn. Orí pápá ni bàbá rẹ̀ wà. Ìyá rẹ̀ nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Kó tó di ìgbà náà, Ìyá Ọmọ ni ọkọ ń pe ìyàwó, Bàbá Ọmọ ni ìyàwó ń pe ọkọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sí èyí tó lè gba ẹnu wọn jáde mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní "ẹ gbọ́" àti "ìwọ."

Ọkùnrin náà wá dùbúlẹ̀. Kì í ṣe pé ó ṣàìsàn. Ó kàn dùbúlẹ̀ ni, ó kọjú sí ògiri. Bí ìyàwó bá gbé oúnjẹ wá, á ní kó gbé e sílẹ̀, oúnjẹ á tutù, á sì gbé e padà. Àwọn aládùúgbò wá, wọ́n sọ gbogbo ohun tí èèyàn máa ń sọ: ẹ mọ́kàn le, ẹ fara dà á, ẹni tó fún wa ló gbà á. Wọ́n sọ ọ́ dáadáa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì tún kọjú sí ògiri.

Yunifásítì rán àwọn ẹlòmíràn láti máa gé koríko. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n gbé wá, wọ́n gé gírìnì bí ẹni ń gé oko. Lọ́jọ́ kan, dókítà eléyín wọlé wá sí káúńtà, ó na igi gọ́ọ̀fù rẹ̀ sójú fèrèsé.

"Ìyá Olómi, àwọn tó ń gé koríko báyìí, ṣé abẹ ni wọ́n fi ń gé e ni àbí eyín? Tó bá jẹ́ eyín ni, kí wọ́n wá rí mi. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà wo ni bàbá ń padà? Pápá yìí ò níyì láìsí wọn."

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ó ṣe rí. Kò fi iyọ̀ sí i. Ọkọ rẹ̀ yí ojú kúrò lára ògiri.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Dókítà eléyín."

"Ó ní eyín?"

"Ó ní tó bá jẹ́ eyín ni, kí wọ́n wá rí òun."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Ó ní kó bu oúnjẹ díẹ̀ wá fún òun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ bàtà òjò rẹ̀, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí ìyàwó bá ti wọlé, ọkọ á bi í pé, "Kí ni wọ́n sọ lónìí?" Ìyàwó á sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òtítọ́ ni, nítorí ìyìn náà pọ̀. Wọ́n yin gírìnì kejì, wọ́n yin bí koríko ṣe padà bọ̀ sípò. Ọkọ á máa jẹun, á máa gbọ́. Ìyàwó náà á máa wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù kì í yin nǹkan pẹ́. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, koríko yára hù, àwọn agbábọ́ọ̀lù sì padà sí ẹjọ́ wọn.

"Gírìnì keje yẹn," Lọ́yà wí, "mo ta bọ́ọ̀lù, ó lọ díẹ̀, ó dúró, ó wò mí lójú."

"Ó ń retí kó o bẹ̀ ẹ́," dókítà eléyín wí.

"Mo bẹ̀ ẹ́! Ó kọ̀. Kí ló dé tí bàbá ò gé e mọ́lẹ̀?"

Ìyá Olómi ń fọ ife, ó sì gbọ́. Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ ti jókòó sídìí tábìlì, ó ti fọ ọwọ́, ó ń dúró.

"Kí ni wọ́n sọ?"

Ẹnu rẹ̀ là, ohun tó jáde kì í ṣe ohun tó gbọ́. "Lọ́yà ló sọ̀rọ̀ gírìnì keje. Ó ní ó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi tìmùtìmù. Ó ní òun fẹ́ bọ́ bàtà kóun sùn síbẹ̀."

"Lọ́yà? Ọkùnrin tí kò yin nǹkan rí yẹn?"

"Òun náà ni."

Ọkọ rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ronú. "Rírọ̀ ni wọ́n fẹ́, àbí? Mi ò mọ̀. Láti ọjọ́ yìí, ṣe ni mò ń fá a mọ́lẹ̀ jù."

Ìyàwó rò pé ìyìn kì í ṣiṣẹ́. Ó rò pé ìyìn kàn máa ń wọ etí ni, á mú inú dùn, á sì tán síbẹ̀. Kò mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ lásán. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ nípa koríko rẹ̀, iṣẹ́ ló gbà pé wọ́n rán òun. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó sì yí nọ́ọ̀tì náà sókè.

Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Bí ìbínú wọn ṣe ń pọ̀ sí i ni ìyàwó ń fi kún ìyìn tó ń gbé lọ sílé, nítorí ó rí i pé bí òun bá dákẹ́, ọkọ á kàn máa wò ó ni, kò ní jẹun. Ó di ẹni tó ń hun ọ̀rọ̀. Ó ní ìyàwó ọ̀gá yunifásítì bọ́ bàtà níbẹ̀. Ó ní àwọn àlejò láti pápá mìíràn béèrè irú koríko tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Irọ́ tó bá korò, ta ni yóò gbé e mì? Ọkọ gbọ́, ó sì tún yí nọ́ọ̀tì.

Ní ọ̀sán kan, dókítà eléyín tẹ̀ síwájú káúńtà, kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Ìyá, ẹ bá wa sọ fún bàbá. Kí wọ́n sọ abẹ ẹ̀rọ yẹn kalẹ̀. Koríko ti ga jù. Èmi fẹ́ràn wọn ni mo ṣe ń sọ ọ́. Àwọn kan ti ń lọ gbá bọ́ọ̀lù níbòmíràn, alága ìgbìmọ̀ pápá sì ti ń kùn."

"Mo ti gbọ́, Dókítà. Màá sọ."

Ó sì fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, gbólóhùn kúkúrú kan ṣáá: ẹ sọ abẹ kalẹ̀. Nígbà tó délé, ó bá fèrèsé yàrá ọmọ wọn ní ṣíṣí. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti kú, kò sẹ́ni tó ṣí i. Ọkọ rẹ̀ wà nínú yàrá náà, ó ń gbá ilẹ̀, ó sì ń súfèé.

"Ìwọ, o ti dé? Eruku ti pọ̀ jù níbí. Mo ní kí n jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé." Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. "Kí ni wọ́n sọ?"

Obìnrin náà wo fèrèsé. Ó wo ìgbálẹ̀. Gbólóhùn náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì.

"Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́."

Kò pẹ́ tí alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso pápá fi pe ìpàdé sí ilé ìsinmi. Gbogbo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ni wọ́n ní kó wá sọ èrò rẹ̀ nípa pápá, nítorí yunifásítì fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n gbé ìtọ́jú rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan láti ìta. Wọ́n ní kí Bàbá Koríko náà wá.

"Ẹ má lọ," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó ti rẹ̀ yín. Màá sọ fún wọn pé orí ń fọ́ yín."

"Orí wo? Èrò àwọn èèyàn nípa iṣẹ́ mi ni wọ́n fẹ́ sọ, o ní kí n má lọ gbọ́ ọ?" Ó ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ti kun bàtà rẹ̀. "Àwọn tó ń yìn mí yìí, ó yẹ kí n fojú rí wọn."

Obìnrin náà dúró lẹ́yìn káúńtà ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ń nu ibi tó mọ́. Ó lè pe ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó jókòó. Ó rò ó. Ó ń rò ó lọ́wọ́ ni alága fi ní kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dìde ní koríko ò dáa. Ẹnì kejì ní gírìnì ti di ẹní. Bàbá Koríko ń gbọ́, ó ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ èdè àjèjì. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sókè, ó sì dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn tó sọ̀rọ̀ yìí, bóyá wọn ò tíì pẹ́ níbí. Kí àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀." Ó yíjú sí Lọ́yà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Lọ́yà, ẹ̀yin lẹ sọ pé gírìnì keje rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ẹ ní ẹ fẹ́ bọ́ bàtà kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi?" Lọ́yà wí. "Bàbá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti ń kígbe gírìnì keje yẹn láti ìgbà òjò. Bọ́ọ̀lù mi ló sùn síbẹ̀!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá Koríko náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí kò tíì mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń ṣe ẹlẹ́yà.

"Àwọn àlejò náà ńkọ́, àwọn tó béèrè irú koríko tó jẹ́? Ìyàwó ọ̀gá yunifásítì tó bọ́ bàtà ńkọ́?"

Ẹ̀rín kú. Dókítà eléyín rọra dìde. "Bàbá," ó wí, "ta ló sọ gbogbo ìyẹn fún yín? Mo ṣáà rán èèyàn sí yín pé kẹ́ ẹ sọ abẹ kalẹ̀."

Bàbá Koríko yí orí díẹ̀díẹ̀, ó wo káúńtà. Obìnrin náà di aṣọ ìnukáúńtà mú. Ọkọ rẹ̀ wò ó títí ó fi yé e. Ó yé e pátápátá, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó yé e. Gbogbo ilé ń dúró. Kó na ìka lásán, ọ̀rọ̀ á tán, gbogbo wọn á mọ ẹni tó ba koríko jẹ́.

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi," ó wí. "Etí mi ni. Àgbà ti dé. Mo máa ń gbọ́ nǹkan tí wọn ò sọ."

Ó jókòó.

Alága wúkọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó ní Bàbá Koríko ni òpó tó gbé pápá yìí ró. Ó ní òógùn rẹ̀ wà nínú gbogbo ewé tó wà níbẹ̀. Tí ẹni tó láṣẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọ́, lọ di ẹrù rẹ. Kó tó kì í tán, ó ti ní ó tó àkókò kí àgbà sinmi, pàápàá tí etí ò bá gbọ́ dáadáa mọ́, nítorí ẹni tó ń ti ẹ̀rọ níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń fò gbọ́dọ̀ lè gbọ́ igbe. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ilé iṣẹ́ ìta ló gba pápá náà.

Nílé, obìnrin náà kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀: oúnjẹ tó ń tutù, ògiri, ẹ̀rín nípa eyín, fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ tán. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn.

"Nọ́ọ̀tì kan ni," ó wí. "Ká ní o sọ fún mi, ǹ bá ti yí nọ́ọ̀tì kan ni. Ó tán."

"Ẹ̀rù bà mí ni. Mo rò pé ẹ máa padà dùbúlẹ̀."

"Mo mọ̀. Dìde nílẹ̀."

Kò padà dùbúlẹ̀. Ohun tí obìnrin náà ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀ rárá. Ó ń jẹun, ó ń wẹ̀, ó ń jókòó síwájú ilé, ó ń kí àwọn tó ń kọjá. Ó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, kò yàn án lódì. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọ̀rọ̀ náà ti ń tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ń ká aṣọ kúrò lórí okùn, ọkọ rẹ̀ pè é.

"Ìwọ. Wá jókòó."

Ó wá, ó gbé aṣọ lé itan.

"Ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn. Kí ni ọmọ yẹn sọ?"

Ọwọ́ obìnrin náà dúró. "Mo ti sọ fún yín."

"Tún un sọ."

"Mo ní kí n bẹ nọ́ọ̀sì kó fi fóònù pè yín. Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, 'Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pe Dádì kúrò níbi iṣẹ́. Òní ni ìdíje wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀. Tí wọ́n bá dé, ẹ ní mo kí wọn kú iṣẹ́.' Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́."

Ọkùnrin náà ń wo ojú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́, bó ṣe máa ń wo ilẹ̀ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi wà lábẹ́ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ?"

"Nọ́ọ̀sì ti jáde lọ wá abẹ́rẹ́."

"Ìwọ nìkan ló gbọ́ ọ."

"Èmi nìkan. Òtítọ́ ni. Mo fi Ọlọ́run búra, òtítọ́ ni! Ìyẹn ò sí lára..." Ẹkún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Bí ó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Ọkọ rẹ̀ mi orí. Ó na ọwọ́, ó gbọn ewé gbígbẹ kan kúrò lára aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀.

"O ṣé," ó wí. "Ọ̀rọ̀ tó dáa lo bá mi wá. Mo mọ̀ pé kó lè rọ̀ mí lọ́rùn ni."

Ó dìde, ó wọlé.

Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, gbogbo rẹ̀ pátá. Ọmọ náà sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà tó lè jẹ́rìí sí i. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà títí tí ọkùnrin náà fi kú, ó gbà pé ọmọ òun kú láì dárúkọ òun.